Pákó Funfun Ẹ̀yìn Àga

Ọdún kẹfà rèé tí Mísì Cathcart ti ṣí ilé tíì rẹ̀ ní àárín ìlú Glasgow, Matthew Geddes kò sì tíì jókòó mu ife kan níbẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló kan gbogbo àga ibẹ̀. Bí ọ̀nà bá gbé e gba òpópónà náà, òdìkejì ló máa ń gbà, á kọjú sí fèrèsé onífìlà bí ẹni tó fẹ́ ra fìlà. Jessie, ìyàwó rẹ̀, mọ ohun tó ń sá fún. Hugh Drennan ni, àbúrò Jessie, tó ti wà ní Kánádà láti ọdún mẹ́fà náà.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé Mísì Cathcart dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1910, pé kí Ọ̀gbẹ́ni Geddes jọ̀ọ́ wá wo àga kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ kán, Matthew kà á tán, ó ká a, ó sì tì í sábẹ́ àwo ẹ̀kọ óòtù tó wà níwájú rẹ̀.

"Mi ò lọ," ló wí.

"O máa lọ." Jessie ń ro ìkòkò lórí iná, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Àga tí o bá ṣe tó bá kán, ìwọ lo ń tún un ṣe. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

"Mo mọ àga tó kán. Èyí tí àbúrò rẹ bà jẹ́ ni. Kò sí òmíràn tó lè kán níbẹ̀."

Jessie gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ó nu ọwọ́, ó fa ìwé mìíràn yọ nínú àpò épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, èyí tó ti ń kà láti oṣù tó kọjá. Obìnrin tí Hugh gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú Hamilton ní Kánádà ló kọ ọ́. Ó ní àyà ń dun Hugh láti ìgbà tí ọdún ti yí, ikọ́ kò jẹ́ kó sùn, ó sì máa ń béèrè bóyá ìwé kankan ti ilé dé.

"Mi ò ní bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Matthew. Ìlà kan péré. Kọ ọ́ pé o ti dárí jì í, kí n fi sínú tèmi. Kí ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Kí òun kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Alàgbà ìjọ ni mí, Jessie. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dárí ji ẹni tí kò tọrọ rẹ̀?"

"Ẹ̀yin alàgbà yìí náà! Bí Olúwa bá ní kó dúró dìgbà tí ìwọ bá jẹ́wọ́ tán kó tó ṣàánú rẹ, ibo lo máa wà lónìí?"

Matthew dìde láìjẹ óòtù náà tán. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Kò sọ pé òun ń lọ sílé tíì, àmọ́ Jessie rí i pé ìwé Mísì Cathcart kò sí lábẹ́ àwo mọ́.

Ọ̀gá kan náà ló kọ́ Matthew àti Hugh níṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Hugh ló mú Matthew lọ sílé wọn jẹun lọ́jọ́ kan tó fi rí Jessie. Nígbà tí Matthew dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Partick, Hugh ló kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá, ó to tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ogún ọdún ni wọ́n sì fi ń ta èèrún igi sí ara wọn lẹ́sẹ̀. Ìgbà kan wà tí Hugh mutí. Kì í ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ kan, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ó tán, ọdún mẹ́sàn-án sì kọjá tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ ilé tíì dé lẹ́yìn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Laidlaw ló ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, láti ara ògiri dórí ṣíbí. Ó ní kí ògiri funfun, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ òdòdó róòsì sí i lára. Kí aṣọ fèrèsé jẹ́ ọ̀gbọ̀ tí àwọn obìnrin fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ sí. Kí wọ́n fi òòlù lu bàbà síwájú ibi ìdáná. Kí àga igi óákù ga lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ yóò dà bí ẹni tó wà nínú yàrá tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn nígbà náà ní ìgbàgbọ́ kan nípa rẹ̀, wọ́n sì dì í mú bí ẹ̀kọ́ ìsìn: iṣẹ́ ọwọ́ kò gbọdọ̀ purọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ kun igi kó lè jọ igi mìíràn. Ibi tí pákó méjì bá ti pàdé, kí ojú rí i. Àbùkù kò sì gbọdọ̀ wọ aṣọ ọ̀dà. Nígbà tí Laidlaw ń sọ èyí, ńṣe ni Matthew ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìwàásù tó wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Bí wọ́n ṣe ń sọ óákù di dúdú láìkùn ún nìyí. Wọ́n á kó àwọn àga tí wọ́n ti tò tán sínú yàrá kótópó kan, wọ́n á gbé àwo omi amóníà sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n á fi ìwé lẹ gbogbo etí ilẹ̀kùn pa, wọ́n á sì fi wọ́n síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Òórùn omi náà, tó lè mú omi bọ́ lójú akọni, ló máa ń wọnú igi lọ tí yóò fi dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná. Ṣùgbọ́n apá funfun tó wà lábẹ́ èèpo igi kì í gbà á. Kó tó wọ yàrá, ó lè jọ ìyókù tí ojú kò bá mú dáadáa. Tó bá jáde, á funfun gbòò láàárín àwọn arákùnrin rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Àṣà kan tún wà nínú ilé iṣẹ́ náà, Matthew fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá gé pákó ni yóò fi àmì rẹ̀ sí etí pákó náà, ní ibi tí yóò wọnú ihò, tí àtè yóò bò ó. Ó ní kí olúkúlùkù máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé Ọlọ́run ń rí inú ihò. Tirẹ̀ ni ìlà mẹ́ta. Ti Hugh ni ìlà méjì tó dábùú ara wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ṣí yàrá àwọn àga ilé tíì, ilé tíì sì fẹ́ ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ogójì àga, gbogbo wọn dúdú, wọ́n rẹwà. Ọ̀kan ṣoṣo ni pákó àárín ẹ̀yìn rẹ̀ funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Matthew àti Hugh. Wọ́n ti fi aṣọ bo imú.

"Ta ló to àga yìí?" Matthew béèrè.

"Èmi ni," Hugh dáhùn.

"Ibi tí iṣẹ́ dé yìí, o ò rí èyí tó funfun? Ojú rẹ ńkọ́?" Ó sún mọ́ ọn. Inú rẹ̀ ti gbóná kọjá ibi tó ti lè dúró. "Wá síbí. Mí sí mi lójú."

"Matt."

"Mo ní kí o mí sí mi lójú, kí n gbọ́ ohun tí o mu!"

Hugh kò mí. Ó kàn ń wò ó. Matthew gbé kùmọ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ní, "Kò burú. A máa tú u, ká rí àmì ẹni tó wà nínú ihò." Ó gbé ọwọ́ sókè. Ìgbà yẹn ni Hugh fi ọwọ́ bo orí àga náà, kùmọ̀ ìbá sì bà á.

"Má tú u," ló wí jẹ́jẹ́. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń lọ."

Matthew sọ kùmọ̀ kalẹ̀. Kí ló tún kù tó fẹ́ wò? Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀ ti jẹ́wọ́, ohun tó rò nìyẹn. Hugh kó àwọn ìfági rẹ̀ sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí àwọn ọkùnrin márùn-ún náà, ó jáde. Kí oṣù tó parí, ọkọ̀ òkun ti gbé e lọ. Wọ́n gbé àga náà síkọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn nílé tíì, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri.

"Ọ̀gbẹ́ni Geddes!" Mísì Cathcart fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kúkúrú ni, tó máa ń rìn kíákíá, kì í sì dúró kí ènìyàn tó dáhùn. "Ẹ káàbọ̀. Mo ti ń rò pé tíì mi ló ń lé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu bàtà yín, àwọn ọmọbìnrin ti nu ilẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni ìgbìmọ̀ ìlú kan ṣe fún mi lánàá."

"Ó tàpá sí i ni?"

"Ó fẹ̀yìn tì í ni! Ó jẹ àkàrà síkónì mẹ́rin, ó ní kí òun sinmi díẹ̀ kí òun tó jẹ ìkarùn-ún, ló bá bá ara rẹ̀ nílẹ̀, ó gbé ife sórí ikùn. Mo gbà fún un o: tíì náà kò dànù." Ó gbá àga náà lórí fẹ́ẹ́rẹ́. "Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Ẹ bá mi fi pákó tó dúdú sí i, kí èmi náà lè gbé e síwájú bí àwọn yòókù. Ṣé á ṣe é ṣe?"

"Á ṣe é ṣe, mà."

Ó fi í sílẹ̀ nínú yàrá náà. Wọn kò tíì ṣí fún oníbàárà. Oòrùn òwúrọ̀ ń gba inú gíláàsì aláwọ̀ elése àlùkò wọlé, ó ń bọ́ sára àwọn àga tí wọ́n tò yí tábìlì ká. Matthew kò mọ̀ pé wọ́n á rẹwà tó báyìí. Ọdún mẹ́fà ni Jessie ti ń sọ ọ́ fún un.

Ó fi awò ojú rẹ̀ sí. Ọdún kẹta rèé tó ti ń lò ó, lẹ́yìn tó ti fi ayùn ya àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ̀ba, ó wo pákó funfun náà. Kòkòrò ti lu ú bí asẹ́, ìdí nìyẹn tó fi kán. Kòkòrò fẹ́ràn apá funfun, kì í fẹ́ fọwọ́ kan èyí tó dúdú. Ó ní kí wọ́n bu omi gbígbóná wá, ó fi aṣọ tó rẹ sínú rẹ̀ wé ibi tí pákó ti wọnú ihò, ó dúró kí àtè rọ̀, lẹ́yìn náà ó fi kùmọ̀ kàn án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ.

Ó nu àtè kúrò létí rẹ̀.

Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tó ní àpá náà tẹ ibẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni, ẹ̀kẹta sì gùn ju méjì tó kù lọ díẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń fà á láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ iṣẹ́. Kò sí ọwọ́ mìíràn ní Glasgow tó ń fà á bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọjọ́ òtútù ọdún náà bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ wá bá a, bí ẹni tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná gáàsì tó ń ṣú lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ tó ń dùn ún lálẹ́, tí Jessie ń sọ pé kó lọ rí oníṣègùn ojú, tó sì ń dáhùn pé káfíńtà tó bá ti wọ awò ti di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rántí bí Hugh ṣe máa ń wá sídìí òkìtì pákó rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán: "Matt, lọ mu tíì, mo bá ọ ṣọ́ ọ." Tó bá sì padà dé, òkìtì náà á ti dín kù. Ó tilẹ̀ rò nígbà kan pé Hugh ń jí igi òun. Hugh ń yọ àwọn èyí tó funfun ni. Ọ̀kan péré ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, Hugh fúnra rẹ̀ ló sì fi àtè sí i, nítorí náà ó mọ àmì tó wà nínú ihò nígbà tí Matthew gbé kùmọ̀ sókè níwájú ọkùnrin márùn-ún.

Má tú u.

"Ọ̀gbẹ́ni Geddes?" Mísì Cathcart ti padà dé. "Ara yín kò yá ni? Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ẹ jókòó jàre, àga kò wọ́n níbí yìí."

Ó jókòó. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìwé àti gègé."

Wọ́n gbé tíì wá fún un pẹ̀lú, kò rí i. Ó kọ ọ́ pé: Hugh, mo ti tú u. Àmì mi ni. Ìwọ ló kàn báyìí kí o ní kí n mí sí ọ lójú, èmi ló yẹ kí n dúró. Jọ̀ọ́ padà wálé, tàbí kí o jẹ́ kí n wá. Ó wo ohun tó kọ, ó kéré lójú rẹ̀, àmọ́ kò mọ ohun tí yóò fi kún un. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ kí ó lè bá ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ lọ.

Jessie fọwọ́ mú pákó náà nígbà tí Matthew gbé e délé, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tó yé e tán, ó jókòó. Matthew retí pé yóò pariwo.

"Nínú gbogbo ìwé tí Hugh ti kọ sí mi," ló sọ nígbẹ̀yìn, "ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dárúkọ ọjọ́ yẹn. Ó ní o sọ pé kí òun mí sí ọ lójú. Kò kọ ohun mìíràn lé e. Mo rò pé ìtìjú ọtí ló ń pa á."

"Jessie, mo ti kọ̀wé."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ló wí, ó sì dà bíi pé ó rẹ̀ ẹ́ gidigidi.

Lọ́jọ́ kejì, Matthew pe àwọn ọkùnrin jọ nílé iṣẹ́. Nínú àwọn márùn-ún ìgbà yẹn, mẹ́rin ló kù. Ó gbé pákó náà sórí tábìlì, ó fi àmì rẹ̀ hàn wọ́n. "Ìṣojú yín ni mo ti bú Hugh, ìṣojú yín ni mo sì fẹ́ sọ ọ́. Èmi ni mo gé e. Hugh kò mutí, kò sì ṣe ohunkóhun."

Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wattie Mutrie, àgbà nínú wọn, tó ń gbẹ́ òdòdó sára igi, ló dà á lóhùn. "A mọ̀, Ọ̀gá."

"Ẹ mọ̀ kí ni?"

"A mọ̀ pé ojú yín kò ríran dáadáa mọ́ lọ́dún yẹn. Gbogbo wa la mọ̀. Hugh ló ní ẹni tó bá sọ̀rọ̀ òun á fi ìfági fá a lẹ́nu." Ó wúkọ́. "Ó ní ẹ̀rù ojú yín tó ń bà yín ti tó, ká má dá kún un."

Matthew gbé pákó náà sábẹ́ apá. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti Hamilton. Obìnrin onílé náà ló tún kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára, ó sì kọ ọ́ ní sùúrù. Hugh ti sùn nínú Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹfà oṣù Ẹrẹ́nà. Matthew fi ìka ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Hugh ti kú kí òun tó yọ pákó náà. Bó bá tiẹ̀ ti kọ ìlà tí Jessie ń bẹ̀ ẹ́ fún ní ìgbà àkọ́kọ́, ìbá ti bá a láyé, ṣùgbọ́n ìlà tí yóò kọ nígbà yẹn, ìlà ìdáríjì, ìbá jẹ́ irọ́.

Lọ́jọ́ Oúnjẹ Olúwa, Matthew kò bá àwọn alàgbà gbé búrẹ́dì yí ìjọ ká. Ó jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Jessie, fìlà rẹ̀ lórí eékún. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ọwọ́ yẹn gbé e fún àwọn ènìyàn, ó sì rò pé ó mọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sáàmù, Jessie kọrin, òun kò lè kọ ọ́.

Ó ṣe pákó tuntun fún Mísì Cathcart nínú igi tó dúdú dé ọkàn. Ó fẹ́ fi àmì Hugh sí i. Ó gbé ṣísẹ́ẹ̀lì lé e lórí, ó tún gbé e kúrò, nítorí Hugh kọ́ ló gé e. Ìlà mẹ́ta ló fà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ tò ó, kò fi àtè sí i. Èèkàn igi kékeré méjì ló fi dì í mú, kó lè ṣeé tú fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò. Láti ọjọ́ náà, kò fi àtè dé àmì mọ́ lára àga kankan.

"Ṣé kò ní já?" Mísì Cathcart béèrè.

"Kò ní já, mà. Àwọn ọ̀gbẹ́ni ìgbìmọ̀ ìlú lè jẹ ìkarùn-ún."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àga náà síwájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Pákó funfun náà wà lórí ibi ìdáná ní ilé àwọn Geddes, Jessie ló gbé e síbẹ̀, ó kọjú etí rẹ̀ tó ní àmì síta. Ní ìparí oṣù Igbe, lẹ́tà Matthew padà dé láti Kánádà, wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ mẹ́rin lé e lórí, kò sì sí ẹni tó ṣí i. Jessie gbé e ti pákó náà.

Matthew dúró níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i. "Ṣé kí n ṣí i?"

"Rárá, ọ̀rẹ́ mi," Jessie dá a lóhùn, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Ìwọ kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí."